Ìwọ̀, Òjé àti Okùn: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ń Fi Ìwọ̀ Pẹja Létí Òkun

"Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ ti ọlọ́kọ̀ nìkan, ó kan ẹni tí ó dúró létí omi pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Sátidé àti ní ọjọ́ ìsinmi, bí ẹnikẹ́ni bá rìn létí òkun wa, yálà ní Tarkwa Bay, tàbí ní Lighthouse Beach, tàbí ní ìhà Badagry, kò ní ṣàìrí ọ̀dọ́ àti àgbà tí ń ju ìwọ̀ sómi. Àwọn kan ń fa ẹja jáde. Àwọn mìíràn a dúró láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, wọn kò sì ní rí ju koríko omi lọ. Bí ẹ bá bi àwọn tí kò rí nǹkan léèrè, wọn á ní orí kò bá àwọn ṣe é ní ọjọ́ náà.

Èmi kò jiyàn pé orí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n mọ̀ pé níbi tí ẹja bá wà, ohun tí a so mọ́ ìdí okùn ni ó sábà máa ń ya ẹni tí ó rí pa sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò rí. Òjé tí ó bá fúyẹ́ jù, omi á gbé e padà wá sí bèbè kí a tó jókòó. Ìwọ̀ tí ó bá tóbi jù, ẹja á jẹ ìdẹ kúrò lára rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Okùn tí a bá so ní ìsokúso, ẹja ńlá á já a, á gbé ìwọ̀ lọ lẹ́nu, ó sì lè lọ kú síbi tí kò ti ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Èyí tí ó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé òjé tí okùn rẹ̀ bá já nígbà tí a ń jù ú lè fọ́ ojú tàbí orí ẹni tí ó dúró nítòsí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Oúnjẹ wà nínú rẹ̀, owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí pàápàá sì wà nínú rẹ̀.

Gbogbo ohun tí a ń so mọ́ ìparí okùn, èyíinì ni òjé, ìwọ̀, ẹ̀ka okùn tí ó gbé ìwọ̀ dání, àti irin kékeré tí ń yí po tí kì í jẹ́ kí okùn lọ́, gbogbo wọn pọ̀ ni èmi yóò máa pè ní ìsokọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oríṣiríṣi ni ìsokọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìsokọ́ kan kò sì lè pa gbogbo ẹja.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Kí ènìyàn tó mú ọ̀bẹ gé okùn, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta.

Èkínní: níbo nínú omi ni ẹja tí mo ń wá ti ń jẹun? Àwọn ẹja kan wà tí ó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni ilé wọn. Irú wọn ni àpò, tí ń wá edé àti ẹja wẹ́wẹ́ kiri lórí iyanrìn àti ẹrẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé àárín omi àti òkè omi ni wọ́n ti ń ṣọdẹ. Irú wọn ni kútà, tí ń lé sáwá kiri bí ìgbà tí àṣá ń lé òròmọdìyẹ. Bí a bá gbé ìdẹ sísàlẹ̀ fún kútà, tàbí tí a gbé e sókè fún àpò, àwa àti ẹja kò ní pàdé.

Èkejì: irú ilẹ̀ wo ni ó wà nísàlẹ̀ omi náà? Bí ó bá jẹ́ iyanrìn, òjé kì yóò há, ṣùgbọ́n ìgbì lè máa yí i kiri. Bí ó bá jẹ́ òkúta, òjé kì yóò yí, ṣùgbọ́n ó lè há títí ayé.

Ẹ̀kẹta: báwo ni ẹnu ẹja náà ti rí? Ṣé ẹnu kékeré ni tàbí ńlá? Ṣé ó léyín? Ẹni tí ó bá fi okùn náílọ́ọ̀nù lásán kojú eyín kútà dà bí ẹni tí ó fi òwú so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́.

Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ègùn, tí iṣẹ́ omi jẹ́ iṣẹ́ ìran wọn, kì í kọ ìbéèrè wọ̀nyí sínú ìwé. Wọn a kọ́kọ́ wo omi, wọn a sì wo ojú ọ̀run, kí wọn tó fọwọ́ kan okùn. Àwa tí ń fi kálámù jẹun ni ìkánjú ń bá jà.

BÍ ETÍ ÒKUN WA TI RÍ

Láti Badagry títí dé Èkó, etí òkun wa gùn tẹ́ẹ́rẹ́, iyanrìn ni, ìgbì òkun ńlá sì ń fọ́ lù ú ní tààrà láìsí erékùṣù tí ó dí i lọ́nà. Ìgbì náà kì í wá gbọnrangandan; ó máa ń wá ní ẹ̀gbẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìsinmi. Ẹ̀rí èyí hàn gbangba ní Èkó. Nígbà láéláé, iyanrìn ni ó dí ẹnu ọ̀nà òkun Èkó tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọlé. Ní ọdún 1908 ni ìjọba ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí kó òkúta sínú òkun láti fi ṣe ògiri sí ọ̀tún àti òsì ẹnu ọ̀nà náà. Ọ̀nà ọkọ̀ là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri ti ìwọ̀-oòrùn dá iyanrìn dúró, tí Lighthouse Beach fi ń gbòòrò sí i. Ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà, kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ títí tí wọ́n fi wá kó iyanrìn àti òkúta dí i ní ayé tiwa yìí láti fi ṣe ilẹ̀ Eko Atlantic.

Kí ni èyí kan apẹja? Ó kàn án gidigidi. Ipá tí ó lè gbé iyanrìn tí ó tó ti odidi ìlú kò ní ṣàìgbé òjé rẹ. Bí o bá ju òjé síwájú rẹ tí o sì rí i pé ó ti wà ní apá òsì rẹ láìpẹ́, ìṣàn tí mo ń wí ni ó gbé e lọ, nítorí ẹni tí ó kọjú sí òkun níbí, apá òsì rẹ̀ ni ìlà-oòrùn.

Bákan náà, omi òkun ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì ní nǹkan bí ọjọ́ kan. Láàárín ìkún kan sí èkejì, bí wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ni. Nítorí náà, bí omi bá kún ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ òní, yóò tó nǹkan bí aago méje ku ìṣẹ́jú 10 kí ó tó kún ní òwúrọ̀ ọ̀la. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíkún àti fífà ní Èkó kò ju nǹkan bí mítà kan lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti mú ẹja wá sí bèbè. Nígbà tí omi bá ń kún bọ̀ ni ẹja máa ń tẹ̀ lé e wá wá oúnjẹ nínú kòtò tí ó wà láàárín òkìtì iyanrìn àti bèbè. Wo ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tí omi rẹ̀ sì dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni kòtò wà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó yẹ kí a jù ú jìnnà réré. Ẹja púpọ̀ ni ó ń jẹun lẹ́sẹ̀ wa nígbà tí a ń jù ú kọjá orí wọn.

ÀWỌN OHUN ÈLÒ

Okùn. Ní ayé àtijọ́, okùn òwú, ọ̀gbọ̀ àti ṣẹ́dà ni aráyé fi ń pẹja. Ní ọdún 1938 ni ilé-iṣẹ́ DuPont ti Amẹ́ríkà kéde náílọ́ọ̀nù fún aráyé, láti ìgbà náà ni okùn tí kì í jẹrà, tí ẹja kì í sì í tètè rí nínú omi, ti gba ọjà. Nọ́ńbà tí a kọ sára rẹ̀, bíi pọ́n-ùn 20, ni ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé kí ó tó já. Pọ́n-ùn 15 sí 20 tó fún okùn ńlá tí a ká sórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ń bà á jẹ́, iyanrìn ń họ ọ́, nítorí náà kí a máa fi ìka tọ́ ọ wò, kí a sì gé ibi tí ó bá ti rí háráhárá dànù.

Òjé. Fún iyanrìn etí òkun wa, áúnsì 4 sí 6, tí í ṣe nǹkan bí gíráàmù 110 sí 170, ni ó máa ń dúró. Òjé kan wà tí ó ní wáyà mẹ́rin lẹ́nu bí èékánná. Wáyà náà á wọ iyanrìn, á sì di ibẹ̀ mú. Bí a bá fà á gidigidi, á yí padà, á sì tú sílẹ̀. Nígbà tí ìgbì bá le, òjé oníwáyà yìí sàn ju òjé dídán tí ó wúwo jù ú lọ.

Ìwọ̀. Nọ́ńbà ìwọ̀ máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú. Nínú àwọn tí kò ní òdo, bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i: nọ́ńbà 6 kéré ju nọ́ńbà 2 lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí a kọ òdo tẹ̀ lé, bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń tóbi sí i: 4/0 tóbi ju 1/0 lọ. Fún àpò àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, láti nọ́ńbà 1 dé 2/0 dára. Fún kútà, 4/0 sí 6/0. Ìwọ̀ kan tún wà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí ẹni tí ó fẹ́ yí po. Ẹni tí ó bá ń lo èyí kò gbọdọ̀ já ọ̀pá sókè lójijì nígbà tí ẹja bá fà á. Kí ó kàn máa ká okùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìwọ̀ náà á fúnra rẹ̀ yí sí ìgun ẹnu ẹja. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í sábà wọ ọ̀fun, ẹja kékeré tí a bá fẹ́ dá padà á sì lè yè.

Irin tí ń yí po. Ó kéré, ẹlòmíràn a sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, ìdẹ tí ń yí nínú omi á lọ́ okùn títí yóò fi wé mọ́ ara rẹ̀ bí irun tí a kò yà.

ÌSOKỌ́ MẸ́RIN

1. Ìsokọ́ olójé-nísàlẹ̀. Èyí ni ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀, fún ilẹ̀ iyanrìn. Gé okùn líle tí ó tó pọ́n-ùn 60. Lẹ́yìn tí o bá ta gbogbo kókó tán, kí ó kù ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, èyíinì ni ínǹṣì 48. So irin tí ń yí po mọ́ òkè rẹ̀, so òjé mọ́ ìsàlẹ̀. Wọn ínǹṣì 12 láti ibi òjé, kí o fi ẹ̀ka kan síbẹ̀. Wọn ínǹṣì 24 sí i, kí o fi ẹ̀ka kejì síbẹ̀. Yóò ku ínǹṣì 12 lókè. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, okùn pọ́n-ùn 20 sí 25 ni kí ó jẹ́, kí ó má sì gùn ju ínǹṣì 10 lọ. Ìdí rẹ̀ rèé: ẹ̀ka méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 10 kò lè kan ara wọn nígbà tí àyè àárín wọn jẹ́ 24, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kò sì lè kan òjé. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀ka gígùn sí àyè kúkúrú ni yóò máa fi ìdajì ọjọ́ tú okùn. Láti mú kí ẹ̀ka dúró lójú kan, fi irin kékeré tí ń yí po sáàárín ìlẹ̀kẹ̀ méjì, kí o sì fi kókó dí ìlẹ̀kẹ̀ náà lókè àti nísàlẹ̀.

2. Ìsokọ́ olójé-ayọ̀. Ẹja mìíràn gbọ́n. Bí ó bá ti fẹnu kan ìdẹ tí ó sì mọ̀ pé ohun wúwo kan ń fà á padà, á tu ú jáde. Fún irú rẹ̀, kí a má so òjé mọ́ okùn. Ki okùn bọ ojú irin tí ó gbé òjé dání, kí òjé lè máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Ki ìlẹ̀kẹ̀ kan tẹ̀ lé e, kí o wá so irin tí ń yí po, tí yóò dá òjé dúró. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ̀ka kan ṣoṣo ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta, pẹ̀lú ìwọ̀ kan. Ẹja á gbé ìdẹ, okùn á gba ojú irin kọjá, ẹja kò sì ní mọ ìwúwo òjé títí ìwọ̀ yóò fi wọlé. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ̀ka gígùn náà máa ń wé mọ́ra nígbà tí a bá fi agbára jù ú, ìgbì líle a sì máa lọ́ ọ. Nítorí náà, ibi tí omi bá ti rọlẹ̀, tí kò sì sí ìdí láti jù ú jìnnà, ni ó tọ́ sí.

3. Ìsokọ́ ti ibi òkúta. Ẹni tí ó bá ń pẹja lẹ́bàá ògiri òkúta ní láti gbà tẹ́lẹ̀ pé òkúta yóò gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni kí òun fúnra rẹ̀ yan ohun tí yóò sọnù. Lo ẹ̀ka kan ṣoṣo dípò méjì. Fi okùn tí kò lágbára, bíi pọ́n-ùn 10, so òjé mọ́ ìsàlẹ̀ ìsokọ́. Bí òjé bá há, fà á ní tààrà; okùn tí kò lágbára ni yóò já, ìwọ̀ àti ẹja tí ó bá wà lẹ́nu rẹ̀ á sì padà wá. Ẹ̀wẹ̀, dípò òjé tí a rà lówó, nọ́ọ̀tì àlòkù tí àwọn mẹkáníìkì ti kó dànù á ṣiṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ìkìlọ̀ yìí: irú ìsokọ́ yìí, sísọ̀ ni a ń sọ̀ ọ́ sísàlẹ̀, tàbí kí a rọra jù ú síwájú díẹ̀. Bí a bá fi gbogbo agbára jù ú, okùn aláìlágbára á já lókè, òjé á sì fò lọ bí ọta ìbọn.

4. Ìsokọ́ aléfòó fún kútà. Ta kókó díẹ̀ sórí okùn ńlá níbi jíjìn omi tí o fẹ́, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ; ki ìlẹ̀kẹ̀ kan, kí o ki ohun tí ń léfòó, kí o ki òjé kékeré tí yóò mú un dúró ṣánṣán, kí o so irin tí ń yí po. Lẹ́yìn èyí ni okùn wáyà, ínǹṣì 12 sí 18, tí ìwọ̀ 4/0 wà nídìí rẹ̀. Sáwá tútù ni ìdẹ rẹ̀. Jẹ́ kí ìṣàn omi máa gbé e lọ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta. Kókó tí a ta á gba inú kẹ̀kẹ́ okùn kọjá, ṣùgbọ́n kò ní gba ojú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí a fi lè wọn jíjìn omi bí a ti fẹ́. Nígbà tí ọwọ́ bá ba kútà, ẹ má ṣe fi ìka wá ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀; pínsà ni kí ẹ lò.

KÓKÓ OKÙN

Gbogbo ohun tí mo ti sọ, orí kókó ni ó dúró lé. Kókó lásán tí ọmọdé ń ta lè gba agbára tí ó sún mọ́ ìdajì lára okùn náílọ́ọ̀nù. Okùn pọ́n-ùn 20 á wá di pọ́n-ùn 10 láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Ẹ kọ́ kókó kan dáadáa, yóò sin yín títí. Ki okùn bọ ojú ìwọ̀, kí ó jáde bí ínǹṣì mẹ́fà. Dá a padà kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ńlá, kí o sì tẹ ẹnu rẹ̀ padà síhà ìwọ̀ kí ó di òrùka. Mú ẹnu rẹ̀ gba inú òrùka náà, kí o fi wé okùn méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Fi itọ́ tàbí omi rẹ ẹ́ kí o tó fún un, nítorí náílọ́ọ̀nù tí a bá fún ní gbígbẹ a máa gbóná, ooru náà a sì ba agbára rẹ̀ jẹ́. Fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fà á wò gidigidi, lẹ́yìn náà ni kí o tó gé èyí tí ó ṣẹ́ kù. Kókó tí yóò tú, ọwọ́ rẹ ni kí ó ti tú, kí ó má jẹ́ lẹ́nu ẹja.

OKÙN AṢÁÁJÚ ÀTI Ẹ̀MÍ ỌMỌNÌKEJÌ

Okùn pọ́n-ùn 20 tó láti fa ẹja, ṣùgbọ́n kò tó láti ju òjé áúnsì 5 pẹ̀lú agbára. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀pá bá tẹ̀ tí a sì fi ipá tì í síwájú, ẹrù tí ó bọ́ sórí okùn ju ìwọ̀n òjé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń so okùn tí ó nípọn sí iwájú okùn ńlá. Òfin wọn kò ṣòro láti rántí: áúnsì kan, pọ́n-ùn 10. Òjé áúnsì 4, okùn aṣáájú pọ́n-ùn 40. Áúnsì 5, pọ́n-ùn 50. Áúnsì 6, pọ́n-ùn 60. Gígùn rẹ̀, kí ó tó ìlọ́po méjì ọ̀pá, kí ó sì tún ká orí kẹ̀kẹ́ bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kí ó lè jẹ́ pé òun ni gbogbo ipá jíjù yóò bọ́ sí.

Ẹni tí ó bá kọ̀ láti lo okùn yìí, tí ó ní òun ti ń jù ú láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ewu, kí ó rántí pé etí òkun kì í ṣe ti òun nìkan. Àwọn ọmọ ń ṣeré níbẹ̀, àwọn ìyá ń tajà níbẹ̀. Kí a tó ju ìwọ̀, kí a wẹ̀yìn, kí a wọ̀tún, kí a wòsì. Igi gangan-ràn-gan má gùn mí lójú, òkèrè ni a ti ń wò ó.

BÍ Ẹ BÁ Ń RÍ ÈYÍ, ẸMỌ̀ PÉ ÌDÍ RẸ̀ NI ÈYÍ

Bí ìdẹ bá ń tán lórí ìwọ̀ tí ẹja kò sì mú, ìwọ̀ tóbi jù tàbí ẹnu rẹ̀ ti kú. Fi ẹnu rẹ̀ kan èékánná wò, bí ó bá ń yọ̀, pọ́n ọn. Bí ìsokọ́ bá ń wé mọ́ra, ẹ̀ka gùn jù tàbí okùn rẹ̀ rọ̀ jù. Bí òjé bá ń padà wá sí bèbè, pààrọ̀ rẹ̀ sí oníwáyà kí o tó ronú èyí tí ó wúwo jù. Bí okùn bá ń já níbi ìwọ̀ tí ó sì gé ṣánṣán bí ẹni fi abẹ gé e, ẹja eléyín ni, lo wáyà. Ṣùgbọ́n bí ó bá já tí ẹnu rẹ̀ sì ká kóńkó bí irun, kókó rẹ ni ó tú. Má ṣe di ẹ̀bi ru ẹja.

OHUN TÍ ÒKUN Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ WA

Okùn náílọ́ọ̀nù tí kì í jẹrà, ìwà rere rẹ̀ náà ni ìwà búburú rẹ̀. Èyí tí a bá já sílẹ̀ létí òkun yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, yóò máa de ẹsẹ̀ ẹyẹ, yóò sì máa wé mọ́ ìjàpá òkun. Ẹ ká a jọ, ẹ gbé e lọ sílé. Òjé náà, májèlé ni. Ní ọdún 1987 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òjé kéékèèké tí a ń so mọ́ ìwọ̀, nítorí pé àwọn ẹyẹ ńlá orí omi ń gbé e mì, wọ́n sì ń kú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi eyín fún òjé mọ́ okùn, kí a sì fọ ọwọ́ kí a tó fi í jẹ ẹ̀kọ. Ẹja tí kò tíì tó jẹ, ẹ fi ọwọ́ tútù mú un, ẹ dá a padà sómi kíákíá. Àwọn tí yóò fi òkun ṣe oko lẹ́yìn wa ni ó ni ín.

Paríparí rẹ̀, ẹ má ṣe kẹ̀yìn sí òkun. Ní ìgbà òjò, ìgbì tí ìjì ọ̀nà jíjìn bí máa ń wá láìkìlọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo ní Èkó, ó sì gbé ènìyàn lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ògiri òkúta bá tutù dé òkè, ìgbì ti dé ibẹ̀ rí lónìí, yóò sì tún dé ibẹ̀. Ẹ má dá lọ. Bí ìṣàn bá sì gbé ẹnikẹ́ni kúrò ní bèbè, kí ó má ṣe bá omi jà ní tààrà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ní ìbámu pẹ̀lú bèbè, títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ìṣàn náà, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Ìsokọ́ tí ó há sí òkúta, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Kò sí ọlọ́jà tí ń ta ẹ̀mí.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì bá parí, ẹ tan iná, ẹ jókòó, ẹ wọn okùn yín ní ínǹṣì-ínǹṣì, ẹ sì fa kókó kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, tí omi sì ń kún bọ̀, iṣẹ́ tí ó ṣẹ́ kù fún yín kò ní ju kí ẹ ju ìwọ̀ sínú kòtò, kí ẹ sì dúró de ẹja.